Orúkọ tí Mo Yọ Kúrò Lórí Ibojì Akọ̀wé

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti há mi lọ́fun pẹ́, bí eegun ẹja. Mo mu omi sí i, mo gbé òkèlè mì lé e, kò lọ. Ó yá, màá yọ ọ́ síta lójú gbogbo yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Sabon Tasha lọ́jọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ ibojì akọ̀wé fún yín, tí àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń nu ojú, ẹ gbọ́ mi: ọ̀rọ̀ náà kò sí lára òkúta kankan. Orí ara mi ló ti jáde. Èyí tó wà lára òkúta ni mo gbé pamọ́, mo sì pa orúkọ obìnrin kan tó ṣì wà láàyè rẹ́ kúrò lórí ibojì baba rẹ̀. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ti ń fi ọ̀rọ̀ mi yẹn kọ sára ibojì àwọn òbí tiwọn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́.

Morọ́láyọ̀ ni mí, Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Mùsùlùmí ni bàbá mi, onígbàgbọ́ ni ìyá mi, Ungwan Shanu la sì ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá bàbá mi ló mú mi lọ sílé kéwú, mo sì mọ lẹ́tà kéwú kí n tó mọ ABD. Lẹ́yìn ìjà ọdún 2000, tí olúkúlùkù ń kó lọ síbi tí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ pọ̀ sí, ìyá mi kó wa sọdá odò wá sí Sabon Tasha, mo di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò kúrò lójú mi, Hausa kò sì kúrò lẹ́nu mi. Ìyẹn ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń wá. Nínú àwọn ìtẹ́ òkú àtijọ́ tó wà lódìkejì odò, ìṣó ni bíríkìlà máa ń fi kọ ọ̀rọ̀ sára sìmẹ́ńtì kó tó gbẹ. Lẹ́tà kéwú ni wọ́n á fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n èdè Hausa ni ọ̀rọ̀ náà; Ajami ni wọ́n ń pe irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ń ti Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wá, tí wọ́n fẹ́ to ìtàn ìdílé wọn pọ̀, á dúró níwájú òkúta baba wọn bí ẹni tó dúró níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa á ní, "Ẹ pe Morọ́láyọ̀." Màá gbé omi, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, àti dígí ìwojú mi. Màá fọ eruku kúrò, màá fi dígí darí oòrùn gba ẹ̀gbẹ́ òkúta náà kọjá kí òjìji lè dúró sínú lẹ́tà. Lẹ́tà tó ti kú á jí. Bí mo bá ti ń kà á sókè báyìí, etí mi á máa gbọ́ Hausa.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò bẹ̀rẹ̀ lórí ibojì akọ̀wé. Ìwé ìtàn ìfẹ́ ni oúnjẹ mi. N kò ra ọ̀kan rí. Happiness ọ̀rẹ́ mi ló ń ta àlòkù ìwé, òun ló máa ń yá mi kà kó tó rí oníbàárà. Ẹni tó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ara òkúta kì í tó o. Ìdílé kan wá láti Ìjẹ̀bú, mo fọ òkúta baba wọn, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pé kí Ọlọ́run kẹ́ Garba, orúkọ tí wọ́n ń pe baba náà níhìn-ín. Ọkùnrin tó mú wọn wá wò mí. "Ṣé ìyẹn nìkan ni? Láti Ìjẹ̀bú tí a ti wá?" Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní, "Rárá o, ó kù. Ó ní ọ̀làwọ́ ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í sì í tì." Inú wọn dùn, wọ́n dì mọ́ mi. Mo bi ara mi pé ta ni mo pa? Ẹni tó kú ti kú kí n tó dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fún òkúta lọ́rọ̀ sọ.

Lọ́dún 2018, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró, Màmá Folúṣadé Adégbọlá dé láti Abẹ́òkúta. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹni àádọ́rin ọdún, ohùn wọn ṣì lè mú kíláàsì dákẹ́. Baba wọn, Ezra Adégbọlá, jẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn onírélùwéè. Màmá ṣì kéré nígbà tí ó lọ sí Kaduna, ó ní òun ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Kò wá mọ́. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló padà wá sọ fún wọn pé ó ti di Mùsùlùmí, pé Sule ni wọ́n ń pè é, àti pé ó ti kú lọ́dún 1987. Ọkùnrin náà ló júwe ìtẹ́ òkú náà. Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, Màmá di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ohun kan péré ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú. Ṣé ó rántí wa? Mi ò bìkítà nípa ẹ̀sìn tó ṣe. Ìyá mi kò fẹ́ ọkọ mìíràn títí wọ́n fi kú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Ezra á ti ní obìnrin ní Kaduna, wọ́n á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, wọ́n á bá onítọ̀hún jà dé ìta. 'Ezra tèmi? Ta ló máa gbọ́únjẹ tó máa jẹ?'" Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mallam Badrudeen tó ń ṣọ́ ìtẹ́ òkú náà dí wa lọ́nà. "Mata ba sa shiga nan," wọ́n ní, obìnrin kì í wọ ibí. Mo bẹ̀ wọ́n lédè Hausa pé Abẹ́òkúta ni ìyá yìí ti wá. "Abẹ́òkúta? Haba! Ìyẹn kò ha kọjá Èkó bí?" Mo ní ó súnmọ́ Èkó. Wọ́n wo ẹsẹ̀ Màmá tó ti wú nínú bàtà. "Ó dáa. Ẹ borí yín dáadáa. Kò gbọdọ̀ sunkún o. Bí wọ́n bá gbé òkú dé, kí ẹ gba ẹ̀yìn jáde." Màmá bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ má sunkún." "Ta ló sọ fún un pé mo fẹ́ sunkún? Ṣé mo jọ ẹlẹ́kún ni?" A kò tíì dé ibojì náà tí wọ́n ti ń wá áńkáṣíìfù.

Mo fọ òkúta náà, mo gbé dígí sí i. Ìlà kìíní jáde kedere: ibojì Mallam Sule Adégbọlá, akọ̀wé. Màmá ké, "Òun ni! Adégbọlá nìyẹn!" Mo rọra gbé dígí náà sísàlẹ̀, ìlà kejì sì jí. Mo kà á nínú. Ganiat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Màmá ní, "Kí ló kọ? Kí ló dé tí o dákẹ́?" Mo wo ojú wọn, mo rí ìyá wọn tó fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Mo wá sọ pé, "Ó kọ ọ́ pé: níbí ni akọ̀wé kan sùn sí. Ara rẹ̀ wà ní Kaduna, ọkàn rẹ̀ kò kúrò l'Ábẹ́òkúta. Ẹ bá a kí aya rẹ̀." Màmá kúnlẹ̀ sínú iyanrìn pẹ̀lú eékún tó ń dùn wọ́n, wọ́n fọwọ́ pa sìmẹ́ńtì náà, ọwọ́ wọn sì kọjá lórí orúkọ Ganiat láìmọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n tún parọ́ lé irọ́, kí n ní àánú nìkan ló sún mi. Ọ̀rọ̀ tèmi dùn létí ara mi ju ti òkúta lọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ró. Inú mi ń dùn bí ẹni tó kọ ìwé.

Lọ́jọ́ Àìkú Màmá mú mi lọ sí ìpàdé, wọ́n ní kí n kà á sétí gbogbo yín. Ẹ mọ bí ó ṣe rí. Nígbà tí mo délé, mo sọ òótọ́ fún Happiness. Ó ń to ìwé rẹ̀ sínú páálí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ganiat yẹn, ṣé o mọ̀ ọ́n ni? Ó lè ti kú. Ó lè ti lọ sí Kano. Tìẹ yìí dùn, jẹ́ kí màmá àgbàlagbà náà fi sùn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, bóyá irọ́ lásán là bá máa pè é. Màmá fẹ́ kí wọ́n fi òkúta mábù tuntun sórí ibojì náà, kí wọ́n sì gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà sí i ní Yorùbá. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Dominic, agbẹ́kùúta ní Nasarawa, àdúgbò kan ní Kaduna níbí, wọ́n padà sílé, wọ́n sì fi mí ṣe ojú wọn. Mallam Badrudeen ti lọ sí Zaria lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn. Ẹni tó dúró fún wọn kò mọ ibojì kan yàtọ̀ sí òmíràn, ó ní kí a máa ṣe é lọ. Dominic gbé mábù dé, ó fi ẹsẹ̀ kan sìmẹ́ńtì àtijọ́ náà. "Sister, èyí ńkọ́? Ṣé kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?" Mo ro ó. Bó bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó mọ Ajami lè kà á. Mo ní, "Fọ́ ọ." "Ṣé ó dá ẹ lójú? Ó ṣì lágbára o." "Fọ́ ọ, jàre." Ó gbé òòlù sókè, ó fọ́ ọ. Orúkọ Ganiat wà lódindi lára èkúfọ́ kan, ó kọjú sókè bí ẹni tó ń wò mí. Mo fi ẹsẹ̀ yí i dojú dé. Dominic fi gbogbo èkúfọ́ náà di ihò tó wà nísàlẹ̀, ó sì tẹ́ mábù lé e. Èyí ni mo ṣe. Mo rí orúkọ ọmọ kan lórí ibojì baba rẹ̀, mo sì fi ṣe ìpìlẹ̀ fún irọ́ tèmi. Mo jẹun dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tí Mallam Badrudeen dé láti Zaria, wọ́n pè mí lórí fóònù. "Ìwọ ọmọ yìí, wá." Mo bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n tọ́ka sí mábù. "Ìwé Hajiya Ganiat dà?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Wọ́n ní, "Gbogbo ààwẹ̀ ni obìnrin yẹn ń fi dàbínù ránṣẹ́ sí mi kí n máa tu koríko ibojì baba rẹ̀. Òun ló sanwó bíríkìlà. Kò rí i rí, nítorí obìnrin kì í wọ ibí. Mo máa ń sọ fún un pé ìwé rẹ̀ ṣì dúró, òjò kò mú un lọ. Èmi ni ojú rẹ̀. Kí ni kí ojú rẹ̀ wá sọ báyìí?" Mo ní kí wọ́n má bínú, pé mi ò mọ̀. "O kò mọ̀? O mọ̀ ọ́n kà! Mo ti sọ fún un pé àwọn ará ilé baba rẹ̀ wá. Èyí tó kù, lọ fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ungwan Shanu ló wà." Mo béèrè ojúlé. Wọ́n ní, "Béèrè Hajiya tó ń rán fìlà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n."

Ungwan Shanu tí wọ́n ti gbé mi sá ní kékeré ni mo padà lọ pẹ̀lú irọ́ tuntun lápò. Mo ti tò ó tán nínú kẹ̀kẹ́: gbòǹgbò igi ló la sìmẹ́ńtì náà, a sì kàn fẹ́ tún un ṣe ni. Mo bá Hajiya Ganiat lórí ẹní lábẹ́ igi dógóyárò, abẹ́rẹ́ ní ọwọ́, fìlà tí wọ́n ń rán lọ́wọ́ lórí eékún wọn. Kí n tó parí ìkíni, wọ́n dìde. Hausa ni wọ́n sọ. "Ṣé ọmọ Folúṣadé ni ẹ́?" Ẹnu yà mí pé wọ́n mọ orúkọ náà. Wọ́n fà mí jókòó, wọ́n bu kunu fún mi. "Mo ti ń retí yín láti kékeré. Bàbá kò jẹ́ kí n gbàgbé. Bí a bá pín ẹran ọdún Iléyá, Bàbá á yọ kan sọ́tọ̀. Wọ́n á ní, 'Ti Folúṣadé nìyẹn,' wọ́n á wá fún ọmọ tó bá kọ́kọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ọdọọdún! Mo kórìíra Folúṣadé nígbà náà, wallahi. Mo rò pé lọ́jọ́ kan á wá fúnra rẹ̀, á gba gbogbo ẹran mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo gbé kunu sílẹ̀. Ohun kan péré tí Màmá wá béèrè ní Kaduna, ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ ni mo fi òòlù yọ kúrò. Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní náà, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ yí orúkọ wọn dojú dé.

Hajiya gún abẹ́rẹ́ mọ́ fìlà. "Kí lo kọ dípò rẹ̀?" Mo sọ ọ́ fún wọn. "Ọkàn rẹ̀ kò kúrò l'Ábẹ́òkúta," wọ́n tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. "Èmi tí mo fọ aṣọ rẹ̀ nígbà àìsàn, tí mo fi ṣíbí fún un lómi, ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ mi?" Ewúrẹ́ kan wá tojú bọ inú kunu mi, Hajiya sì lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Pe ẹ̀gbọ́n mi."

Mo pe Màmá níwájú wọn, mo sì tún un sọ. Màmá ní, "Ganiat yẹn, ṣé ó wà láàyè?" Mo ní, "Wọ́n wà níwájú mi, Màmá." Wọ́n gé e. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Àbújá wá, mo sì lọ pàdé wọn ní ibùdókọ̀ ojú irin Rigasa. Mo kúnlẹ̀: "Màmá, ẹ káàbọ̀. Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Wọn kò wò mí. "Gbé báàgì." Títí a fi dé Ungwan Shanu, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Imú kan náà ni. Hajiya ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n fi ń dáhùn, Màmá kò sì gbọ́ Hausa kankan. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. Màmá na ìka sí mi bí ìgbà tí tíṣà bá mú olófòófó. "Ohun tó bá sọ ni kí o sọ. Má bù, má fi kún un." Hajiya sọ ti ẹran ọdún Iléyá, mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, Màmá fi gèlè bo ojú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, wọ́n béèrè èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí. "Bí ó bá rántí wa, kí ló dé tí kò fi wá?" Hajiya ronú. Wọ́n ní, "Ọdọọdún ló ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ni òun máa lọ. Bí ọdún bá dé, á ní èyí tó tún ń bọ̀. Ojú ń tì í, lẹ́yìn náà ó sú u. Kò sí nǹkan mìíràn."

Ẹnu mi yún mi! Ẹ wo bí nǹkan tí mo lè fi síbẹ̀ ti pọ̀ tó: ogun, àìsàn, ọ̀gá búburú tí kò fún un láàyè. Màmá ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Wọ́n ní ọdọọdún ló ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀. Ojú ń tì í, lẹ́yìn náà ó sú u. Kò sí nǹkan mìíràn." Èjìká Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. "Ọdún tó ń bọ̀! Ìyá mi náà, gbogbo ọdún ni wọ́n ń di ẹrù pé ọdún tó ń bọ̀ ni àwọn máa wọkọ̀ wá bá a níhìn-ín. Ọpẹ́ ni pé wọn kò wá. Wọn ì bá ti bá gbogbo Kaduna jà." Mo túmọ̀ ìyẹn náà fún Hajiya láìyọ nǹkan kan. Hajiya lu itan wọn, wọ́n ní, "Wallahi, wọ́n bá ara wọn mu!" Èmi nìkan ni mo ń sunkún láàárín wọn.

Dominic ti yí mábù náà padà. Ọ̀rọ̀ tèmi dojú kọ ilẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ òótọ́ sí, ní Yorùbá àti Ajami: Mallam Sule Ezra Adégbọlá, akọ̀wé. Folúṣadé àti Ganiat, àwọn ọmọ rẹ̀, ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Màmá ya fọ́tò rẹ̀, Hajiya sì gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, wọ́n ń fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ti forí jì mí. Hajiya ní òun náà ti forí jì mí, ṣùgbọ́n kí n wá máa bá òun ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ń lọ. Ẹ̀yin ni ó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ẹ sì pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ níbi tí ẹ bá kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ ka òkúta fún ẹlòmíràn, bí ó bá sọ díẹ̀, ẹ sọ díẹ̀. Bí ó bá sọ ohun tó máa dùn wọ́n, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì sọ ọ́. Ẹ kò mọ ẹni tó jókòó lódìkejì odò tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun.

Màmá kò tíì padà sí Abẹ́òkúta. Àwọn méjèèjì wà ní ilé ìdáná Hajiya báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń jà lórí ọbẹ̀ kuka. Màmá ti sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tí kò dùn ún gbọ́ rárá, Hajiya sì ń ké sí mi pé kí ló wí. Mo ń lọ sọ ọ́ fún wọn.